Ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ kì í lọ: bí a ṣe ń wá jíìnì sílíà

Ọmọkùnrin kan wà nílé tó kọjú sí tiwa ní Pápá Àjàó. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni imú rẹ̀ ti ń dí, ikọ́ rẹ̀ kì í sì í lọ. Àwọn kan ní eruku Múṣin ni, àwọn kan ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fún un lóògùn ikọ́ fée. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ya X-ray àyà rẹ̀, wọ́n sì rí i pé apá ọ̀tún ni ọkàn rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ gbé e wá bá mi: “Bọ̀dá Yunifásítì, ẹ bá wa wò ó. Ṣé kì í ṣe irú nǹkan tí ẹ̀ ń kọ́ nìyí?”

Irú rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti ka sílíà fún ìdánwò, mo sì ti gbàgbé. Mo padà lọ kà á.

Sílíà ni àwọn irun tíntìntín tó wà lára sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wà nínú imú àti ọ̀nà èémí máa ń jù síwá sẹ́yìn bí ìgbálẹ̀, ó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá lè jù dáadáa, ìdọ̀tí á jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlẹ̀, sílíà ló ń darí omi síhà kan, kí ara lè mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní primary ciliary dyskinesia ni ọkàn àti ìfun wọn yí sódì. Ní 1933, Kartagener ṣàlàyé àwọn aláìsàn mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ní Switzerland. Ó di 1976 kí Afzelius ní Sweden tó fi hàn pé sílíà ni orísun rẹ̀: dynein, tó ń mú sílíà jù, kò sí lára tiwọn.

Báwo la ṣe wá ń rí jíìnì rẹ̀? Chlamydomonas, ẹ̀dá aláwọ̀ ewé oní-sẹ́ẹ̀lì kan tó ń fi irú irun yìí méjì lúwẹ̀ẹ́, ló là wá lọ́nà. Ní 1999, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Faransé mú jíìnì dynein rẹ̀ kan, wọ́n wá èyí tó jọ ọ́ lára ènìyàn, wọ́n sì rí DNAI1, jíìnì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ mọ́ àrùn yìí. Ní 2004, àwọn mìíràn kó àwọn jíìnì tí ènìyàn àti Chlamydomonas jọ ní, wọ́n yọ èyí tí Arabidopsis náà ní kúrò, torí ewéko yẹn kò ní sílíà. 688 ló ṣẹ́ kù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí BBS5, tó ń fa àrùn Bardet-Biedl, tó máa ń ba ojú àti kíndìnrín jẹ́. Ìṣirò ìyọkúrò ni, bíi ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, jíìnì tó lé ní 50 la mọ̀ mọ́ primary ciliary dyskinesia nìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ìyípadà nínú jíìnì ọmọ kan, ẹjọ́ kò tíì parí. A gbọ́dọ̀ béèrè bóyá àwọn tí ara wọn le lára àwọn ènìyàn rẹ̀ náà ní in. Ìyọkúrò kejì nìyẹn. Ní 2016, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé wọ́n ti sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú kan pé ìyípadà ara wọn ló ń fa àrùn iṣan ọkàn, bẹ́ẹ̀ ó wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò ṣàìsàn. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi wéra nígbà náà ló kéré jù. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí jíìnì sílíà.

A kò ṣàìní ìpìlẹ̀. 90 Yorùbá láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30, wà nínú iṣẹ́ HapMap tó jáde ní 2005, gbogbo ayé sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n 90 kò tó fún ìyípadà tó ṣọ̀wọ́n.

Mo sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó gbé X-ray yẹn lọ bá dókítà ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé, kó sì dárúkọ sílíà fún un. Àrùn náà kò ní ìwòsàn, ṣùgbọ́n fífọ àyà lójoojúmọ́ àti oògùn apakòkòrò lásìkò máa ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ wo ibí yìí. Ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ kì í lọ lè wà ládùúgbò tiyín náà.