Ọwọ́ Méjì La Fi Ń Tọ́jú Iyè Àgbà

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fi ìtọ́jú ọpọlọ arúgbó ṣe iṣẹ́ ṣe, òwe yín nìyí. Ẹni tó ń wo aláìsàn nìkan yóò mọ ìyá kan, kò ní mọ àdúgbò. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí nìkan yóò mọ àdúgbò, kò ní mọ ìyá. Ẹ pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀rí wà n'Ìbàdàn. Láti 1992 ni àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, Benjamin Oṣùntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Olúṣẹ́gun Báíyéwù lára wọn, ti pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n wọlé tọ àwọn tó ti pé ọdún 65 ní àdúgbò Ìdíkàn. Wọ́n bi àgbà léèrè, wọ́n tún bi ará ilé, torí ìdánwò tó gba ìwé kíkà lè sọ ìyá tí kò rí ilé ìwé rí di aláìsàn. Àwọn tí ìdáhùn wọn mú ìfura wá, dókítà yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Ní 2001, ayé gbọ́ èsì ìwádìí náà: lọ́dún kan, àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìbàdàn, ìdá 3.24 láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Bí kò bá sí ọwọ́ dókítà níbẹ̀, ta ni ìbá gba iye náà gbọ́?

Nítorí náà, bí àwọn ọmọ bá gbé bàbá wọn wá láti Challenge tàbí Ring Road, tí wọ́n ní, "Bàbá ti ń ṣarán," ẹ má kánjú gbà. Ẹ kí bàbá bí a ti ń kí àgbà, kí ẹ tó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ẹ wá ibà, àkóràn, tàbí oògùn tí wọ́n ń lò. Bí ìbànújẹ́ ló gba oúnjẹ àti oorun lọ́wọ́ wọn, ó ní ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ẹ ṣàlàyé àìsàn náà fún ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má pe ìyá tó ń rìn kiri lóru ní àjẹ́.

Ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ lọ́nà kan náà fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn; ibẹ̀ ni ìbéèrè ìwádìí ti ń jáde. Ẹ wá ọ̀gá méjì: ọ̀kan nídìí ìtọ́jú, ní irú ilé ìtọ́jú arúgbó Tony Anenih tó ṣí ní ilé ìwòsàn UCH ní 2012, ọ̀kan tó mọ ìṣirò ìwádìí, ní Yunifásítì Ìbàdàn tó kọjú sí Agbowó. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, nítorí ọwọ́ dókítà kì í dilẹ̀.

Bí èsì bá sì dé, ẹ mú un padà lọ fún àwọn tó dá yín lóhùn, kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé wọn. Ohun tí a yá lọ́wọ́ àgbà, dídá ni a ń dá a padà.