Odindi Ọ̀rọ̀ ni kí Ẹ Sọ fún Ẹ̀rọ

"Bí òṣìṣẹ́ bá ti kọ̀wé béèrè ìsinmi tán, fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀; bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìsinmi, kí o sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà gbọ́." Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lónìí, akọ̀wé kọ́ ni à ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Power Automate ni, ètò kọ̀ǹpútà tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2016 pẹ̀lú orúkọ Flow, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2019. Zapier ti wà ṣáájú rẹ̀ láti 2011. N8n, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, dé lọ́dún 2019. Ẹni tí kò mọ kóòdù kíkọ lè lò wọ́n. Á fa àpótí kan sábẹ́ òmíràn, á so wọ́n pọ̀, iṣẹ́ tí à ń fọwọ́ ṣe lójoojúmọ́ á sì máa lọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúàbí. Ẹ rán an níṣẹ́ ẹrú, kò ní fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn tó ń ṣètò irú iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tó gún régé kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Èdè wa ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, bí a bá lò ó bó ṣe yẹ.

Ẹ wo "bí … bá". Ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ yọ nínú gbólóhùn òkè yẹn, iṣẹ́ tó sì ń ṣe kò dọ́gba. "Bí òṣìṣẹ́ bá ti kọ̀wé tán" ń sọ ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. "Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i" ní ọ̀nà méjì: ó lè fọwọ́ sí i, ó lè kọ̀. "Ti" kékeré yẹn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó di pé à ń ṣiyèméjì bóyá òṣìṣẹ́ yóò tilẹ̀ kọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo "gbàrà tí" tàbí "kété tí". Nítorí pé ọ̀nà méjì ló wà, a gbọ́dọ̀ sọ ìkejì: bí ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́? Àpótí méjì ni Power Automate ń gbé kalẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá fi ti bẹ́ẹ̀ kọ́ sílẹ̀ lófìfo, òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ fún á jókòó, á máa retí èsì tí kò ní dé. Èyí kò dára rárá, nítorí ènìyàn ló wà lẹ́yìn ìwé náà.

Bí gbólóhùn bá tẹ̀lé "títí", "fi" ló ń bá a rìn: "dúró títí ọ̀gá yóò fi dáhùn." Ọ̀pọ̀ ti ń gbé "fi" jù nù. Ẹ̀rọ kì í sì í dúró títí láé. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Power Automate ń fún iṣẹ́ kan, lẹ́yìn náà á jáwọ́. Nítorí náà, ẹ fi ààlà sí i: "dúró títí ọ̀gá yóò fi dáhùn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá, rán an létí."

"Àti" kò so ọ̀rọ̀ ìṣe pọ̀. "Gba ìwé náà àti fi pa mọ́" kì í ṣe Yorùbá. "Gba ìwé náà, kí o sì fi í pa mọ́" ni.

"Gbogbo" àti "kọ̀ọ̀kan" léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí ẹ̀rọ fi ìwé owó oṣù ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́, ó lè kó gbogbo ìwé náà fún gbogbo wọn, kí olúkúlùkù máa ka iye tí ẹnì kejì ń gbà. Ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni "fi ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí òun nìkan."

Ó ku "fúnra rẹ̀" àti "ara rẹ̀". Ẹ̀rọ tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì fún un, òun gan-an là ń wá. Èyí tó ń fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, wàhálà ni. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ẹ sọ pé: "gbàrà tí àkọsílẹ̀ yìí bá ti yí padà, kọ ọjọ́ òní sí i." Òṣìṣẹ́ kan tún orúkọ rẹ̀ kọ, ẹ̀rọ jí, ó kọ ọjọ́ sí i. Ọjọ́ tó kọ yẹn náà, àyípadà ni. Ó tún jí, ó tún kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jí ara rẹ̀ lọ títí ẹnì kan yóò fi pa á. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "gbàrà tí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ìwọ fúnra rẹ bá ti yí àkọsílẹ̀ yìí padà, kọ ọjọ́ òní sí i."