Kí ló dé tí music server fi ń ní kí ẹ format hard disk?

Ẹni tó bá fi hard disk sínú music server, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú orin pamọ́, lè rí i pé ẹ̀rọ náà ní àfi kí òun kọ́kọ́ format rẹ̀. Àwọn kan á ní ọjà ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí ni hard disk. Format ló ń pín in sí yàrá, tó sì ń ṣe ìwé tó ń sọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Ètò tí Windows ń lò ni NTFS, tó jáde ní 1993. Ṣùgbọ́n Linux ló wà nínú ọ̀pọ̀ music server, ext4 sì wà lára ètò tí Linux ń lò jù. FAT32 àtijọ́ kò lè gba fáìlì kan tó tó 4 GB, kò sì ní àkọsílẹ̀ tí ext4 fi ń tún ètò rẹ̀ tò bí iná bá lọ lójijì.

Ibi tí ewu wà nìyí: bí ẹ bá ti format, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn. Hard disk 1 TB lè gba nǹkan bíi 1,500 CD oníwákàtí kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi orin ṣòwò, ẹ kọ́kọ́ da orin yín kọ sórí hard disk mìíràn, kí ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ wò, kí ẹ tó format. Ẹ má sì pa ẹ̀dà kejì rẹ́ lẹ́yìn náà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.