Kálíkúlọ́ọ̀sì Lẹ́bàá Odò Ọ̀ṣun

Ẹ̀dùn ọkàn ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n yege lọ́dọ̀ wa a máa padà wá kí wa lẹ́yìn ọdún kan ní yunifásítì, wọn a sì sọ pé kálíkúlọ́ọ̀sì fẹ́ mú kí àwọn fi iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé sílẹ̀. Bí a bá gba ìwé wọn wò, a máa ń rí i pé kì í ṣe kálíkúlọ́ọ̀sì gan-an ni ó gbé wọn ṣubú.

Kálíkúlọ́ọ̀sì ni ìṣirò tí ń sọ bí nǹkan ṣe ń yára yí padà. Awakọ̀ tó ń lọ láti Ẹdẹ sí Òṣogbo mọ̀ ọ́n: kìlómítà tó ti rìn yàtọ̀ sí eré tó ń sá lọ́wọ́.

Ẹ wo àgbẹ̀ kan tó fẹ́ ṣọgbà yí ilẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀ ká lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Wáyà 40 mítà ni ó ní. Odò ti dí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ku mẹ́ta. Báwo ni yóò ṣe ta wáyà náà kí ilẹ̀ inú ọgbà lè tóbi jù lọ? Bí ẹ̀gbẹ́ méjì tó forí kan odò bá jẹ́ x ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kọjú sí odò yóò jẹ́ 40 − 2x. Ilẹ̀ náà jẹ́ x(40 − 2x). Tí a bá tú àkámọ́, ó di 40x − 2x².

Ibí gan-an ni ọmọ ti ń ṣubú. Á kọ 40x − 2x, á gbàgbé pé x lọ́nà x ni x². Áljẹ́brà ilé ẹ̀kọ́ girama ni èyí, ẹ̀bi rẹ̀ sì kàn wá, nítorí àwa olùkọ́ náà máa ń kánjú bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé.

Ẹni tó bá tú u dáadáa kò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ìlànà ni pé kí a fi òǹkà kékeré orí x sọ ti iwájú rẹ̀ di púpọ̀, kí a sì yọ ọ̀kan kúrò nínú òǹkà kékeré náà. 40x di 40, 2x² di 4x. Ìyára ìyípadà ilẹ̀ náà jẹ́ 40 − 4x. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ju òdo lọ, ilẹ̀ ṣì ń tóbi bí a ti ń fi kún x. Bí ó bá di òdo, a ti dé góńgó. Nítorí náà x jẹ́ 10, ẹ̀gbẹ́ kẹta jẹ́ 20, ilẹ̀ sì jẹ́ 200 mítà níbùú-lóòró. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó fi 8 dán an wò: 8 × 24, 192. Kí ó fi 12: 12 × 16, 192 náà ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí oko. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Redeemer's University níbí ní Ẹdẹ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò Kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn náà tí rédíò ń kà fún wa nígbà náà, ìyára ìyípadà ni. Àpapọ̀ iye lè máa ga sí i kí ìyára rẹ̀ sì ti máa rẹlẹ̀. Ẹni tó mọ kálíkúlọ́ọ̀sì ni yóò tètè rí ìrètí inú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra àtiwọ yunifásítì, ẹ fún un ní ọgbà yìí, ṣùgbọ́n kí wáyà jẹ́ 60 mítà. Bí ó bá mú 450 jáde, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá kọsẹ̀ níbi àkámọ́, ẹ rán an sí wa kí ó tó lọ.