ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ta ni ayálégbé?

Ayálégbé ni ẹni tó ń san owó kí ó lè máa gbé inú ilé onílé fún àkókò tí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò sí. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibẹ̀. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á.

Ìṣẹ̀dá rẹ̀: a- + yá + ilé + gbé → ayálégbé

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-* ló sọ àpólà-ìṣe *yá ilé gbé* di ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń tọ́ka sí olùṣe. A pa fáwẹ̀lì *i* inú *ilé* jẹ: *yá ilé* → *yálé*. Ní ti ìtumọ̀ *yá*, ohun tí a bá yá, a óò dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Àpẹẹrẹ: Àìná, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, gba yàrá kan ní Adó-Èkìtì fún ọdún kan. Ó san owó ilé, ó sì gba rìsíìtì. Ayálégbé ni Àìná. Ẹni tó gbowó ni onílé, tàbí lánlọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ pé agbo ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé láìsanwó, ọmọ ilé ni, kì í ṣe ayálégbé.

Ṣọ́ra: Má ṣe pe àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ayálégbé, ilẹ̀ ló gbà, kì í ṣe ilé. Ohun tí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń san fún onílẹ̀, ìbáà jẹ́ owó tàbí irè oko bíi kòkó, là ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀.

Dán ara rẹ wò: Fi ìlànà òkè yìí ṣàlàyé ìṣẹ̀dá *akọ̀wé* àti *apẹja*.