Bí A Ṣe Ń Yọ Lẹbẹ Tó Há

Wíńsọ́fù ni eré orí omi tí ènìyàn ti ń dúró lórí pákó, tí yóò di ìgbòkun mú, tí afẹ́fẹ́ yóò sì máa gbé e lọ. Àwọn ọkùnrin méjì ní California, Hoyle Schweitzer àti Jim Drake, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tó fi di 1984, ó ti wọ eré Òlíńpíìkì ní Los Angeles. Ìgbòkun ni gbogbo ojú máa ń wò, torí òun ló tóbi, òun ló sì láwọ̀. Abẹ́ pákó ni ọ̀rọ̀ tiwa wà.

Lábẹ́ pákó, lápá ẹ̀yìn, ni lẹbẹ wà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìgbòkun, pákó a fẹ́ máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Lẹbẹ ló ń di omi mú kó lè máa lọ síwájú. Lẹbẹ àwọn tó ń gun ìgbì máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ti àwọn tó ń sáré ìje lè lé ní 50. Ohun tó gùn tó yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀ lábẹ́ pákó nígbà tí a bá fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ relé. Yíyọ la ń yọ ọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ihò kan wà nínú pákó tí orí lẹbẹ ń wọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ilé lẹbẹ. Láti ìsàlẹ̀ ni lẹbẹ ti ń wọlé. Sùkúrù á gba òkè pákó sọ̀ kalẹ̀, á wọ nọ́ọ̀tì idẹ tó wà nínú orí lẹbẹ, á sì fa lẹbẹ náà mọ́ra títí yóò fi fún pinpin. Ilé tí wọ́n ń pè ní Power box ń lo sùkúrù kan. Tuttle ń lo méjì. Orí lẹbẹ méjèèjì fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè, nítorí náà bó bá ṣe ń wọlé tó ló ṣe ń fún tó. Irú kẹta, US box, jẹ́ kòtò gígùn tí lẹbẹ ń rìn síwá-sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í sábà há, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá mọ àáké ìbílẹ̀ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Irin àáké gba inú kókó igi kọjá, ìrù rẹ̀ sì yọ lẹ́yìn. Bí a bá ṣe ń la igi tó ni irin náà ń wọlé sí i. Bí a bá wá fẹ́ yọ ọ́, a kì í di ẹnu rẹ̀ mú ká máa fà; ìrù rẹ̀ lẹ́yìn la ń lù. Lẹbẹ náà, òkè la ti ń tì í jáde.

Kí ló ń mú un há? Ní Tarifa, ní gúúsù Spéènì, afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tí wọ́n ń pè ní Levante máa ń gbá iyanrìn etíkun kiri débi pé ó ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ tó bá bọ́ sáàárín orí lẹbẹ àti ilé rẹ̀ ti tó. Omi òkun á gbẹ níbẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dì mọ́ iyanrìn náà. Sùkúrù tiẹ̀ tún ní ìjà tirẹ̀: irin kan náà kọ́ ni òun àti nọ́ọ̀tì idẹ, bí irin méjì tó yàtọ̀ bá sì jọ wà nínú omi iyọ̀, ọ̀kan á máa jẹ. Àwọn tó ń ṣeré lórí adágún Garda ní Ítálì bọ́ lọ́wọ́ èyí, torí omi ibẹ̀ kò níyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo agbára yí sùkúrù, ibikíbi tó bá wà, lẹbẹ rẹ̀ á há.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n di lẹbẹ mú, kí wọ́n máa mì í sọ́tùn-ún sósì. Àwọn kan tilẹ̀ ń ta á nípàá. Mi ò mọ ohun tó burú tó ìyẹn. Inú fóòmù tó wà nínú pákó ni ilé lẹbẹ jókòó sí. Bí ilé bá sán, omi á máa wọnú fóòmù, pákó á wúwo, owó àtúnṣe á sì ju owó lẹbẹ lọ. Ẹ má ṣe da omi híhó sí i pẹ̀lú, torí ooru lè mú kí awọ pákó ṣí kúrò lára fóòmù.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò níyọ̀ ni kí ẹ dà sí ilé lẹbẹ, lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì fún un láàyè kí iyọ̀ lè yọ́. Ẹ fín epo WD-40 díẹ̀ sí ibi tí sùkúrù wà. Ẹ wá gbé pákó lé orí ohun méjì tó rọ̀, kí òkè rẹ̀ kọjú sókè, kí lẹbẹ máa fì láàárín wọn. Kí ẹnì kejì fọwọ́ gba lẹbẹ nísàlẹ̀, kó má baà já lu ilẹ̀.

Ẹ tú sùkúrù díẹ̀, ẹ má tú u tán. Sùkúrù M6 ni wọ́n ń lò jù, bí ẹ bá sì ti yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti gòkè ní mílímítà 1. Ìyí márùn-ún tó. Ẹ ti sukudíráfà bọ orí rẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kí ẹ wá fi òòlù rọ́bà lu ìdí sukudíráfà náà. Ẹ lù ú ṣókí, ẹ má fi ìbínú lù ú. Sùkúrù á ti nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì á ti lẹbẹ. Bí orí sùkúrù bá ti padà kan pákó, ẹ tún tú u díẹ̀, kí ẹ tún lù ú. Tó bá jẹ́ Tuttle, ẹ lu ti iwájú, ẹ lu ti ẹ̀yìn, ní àlùpààrọ̀. Bí ẹ bá dojú kọ ẹyọ kan, lẹbẹ á wọ́, á sì há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹnìkan bá ti yọ sùkúrù tán kó tó mọ̀, kó má ki sukudíráfà bọ ihò lásán kó máa lù ú, torí á ba eyín nọ́ọ̀tì jẹ́. Kó wá sùkúrù M6 tó gùn díẹ̀, kó yí i wọ nọ́ọ̀tì dáadáa, kó sì lu orí ìyẹn.

Nígbà tí lẹbẹ bá jáde, ẹ fọ orí rẹ̀ àti ilé rẹ̀, ẹ sì fi faselíìnì díẹ̀ pa eyín sùkúrù. Bí kò bá sí iyanrìn níbẹ̀, tó sì ń há síbẹ̀, orí rẹ̀ ló tóbi. Ẹ fi pẹ́ńsù kun un, ẹ tì í wọlé, ẹ yọ ọ́: ibi tí pẹ́ńsù bá ti ra ni kí ẹ fi sáńpépà ha. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Lẹbẹ tó bá ń mì nínú ilé rẹ̀ náà lè fọ́ ọ, sáńpépà kò sì lè dá ohun tó ti ha kúrò padà.