Kí A Tó Tú Gíábọ́ọ̀sì

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ta ni òwe yìí bá wí tó ẹni tó fẹ́ tú gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀? Ní Èkìtì, ọ̀nà tó gba Ìfàkì kọjá sí Ọ̀yẹ́, sí Ìkọ̀lé, títí dé Òmùò, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ọkọ̀ tó ru pákó tàbí iṣu kì í rìn jìnnà níbẹ̀ kí awakọ̀ tó tún yí jíà. Àwọn òrùka idẹ tó ń mú eré àwọn jíà dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn ló ń jìyà ẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ, jíà á máa ké bó bá ń wọlé.

Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì Fuller oníjíà 18 wúwo ju kìlógíráàmù 300 lọ. Ti Mercedes 911 kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó fọ́ egungun àyà ọmọṣẹ́ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láti fọwọ́ gbà á. Kí ẹni tó fẹ́ tú u tó ra sípánà kan, kó kọ́kọ́ wá ṣéènì búlọ́ọ̀kù tàbí jáàkì olórí pẹrẹsẹ, igi tí yóò fi há táyà, àti ẹsẹ̀ irin tí yóò gbé ọkọ̀ dúró.

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tábìlì tó dúró dáadáa, abọ́ kẹrosíìnì, aṣọ mímọ́, ibi tí eruku pupa kò ti ní í dé: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Kí wọ́n rọra da ọ́ìlì àtijọ́ jáde, kí wọ́n sì wò ó lójú oòrùn. Bó bá ń dán bíi wúrà, idẹ òrùka ló ti ń jẹ. Bí ègé irin bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, bíárìn tàbí eyín jíà ni kí wọ́n fura sí.

Inú gíábọ́ọ̀sì gan-an ni ẹ̀sọ̀ ti wúlò jù. Ẹni tó bá fi sukudiráfà ti sákílíìpù, òrùka irin tó ń di bíárìn mú sójú kan, dípò pínsà tí wọ́n ṣe fún un, yóò fẹ̀ ẹ́ lójú, kò sì ní í di ẹnu kòtò rẹ̀ mú mọ́. Púlà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni í fa bíárìn kúrò lára ṣááfù. Bí kò bá sí lọ́jà, ẹni tó ń jó irin lè ṣe é: ṣebí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ ni Ìrè Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, wà; ọwọ́ àwọn èèyàn agbègbè yìí kò ṣàjèjì sí irin. Òòlù kò gbọdọ̀ fojú kan ṣááfù ní tààrà, nítorí irin líle máa ń ta ẹ̀rún sójú. Ọ̀pá idẹ ni kó wà láàárín, kí awò sì wà lójú.

Bíárìn tuntun ńkọ́? Òrùka inú rẹ̀ ni kí wọ́n tì sórí ṣááfù. Bí wọ́n bá lu ti ìta, agbára náà yóò gba ara àwọn ọmọ inú rẹ̀ kọjá, yóò sì dá àpá sí wọn lára. Èyí tó sàn jù ni kí wọ́n fi sínú ọ́ìlì tó gbóná tó ìwọ̀n 100 sí 110 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Á fẹ̀, á sì wọlé wẹ́rẹ́. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, ilé tọ́nà tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ohun ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá òrùka idẹ ṣì dára. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí jíà rẹ̀, wọn yóò fi fílà géèjì wọn àlàfo àárín wọn, wọn yóò sì fi wé iye tí ìwé gíábọ́ọ̀sì náà kọ. Ìkọ̀lé ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́ wà. Ẹni tí ìwé náà kò bá yé kò jìnnà sí ẹni tó lè là á yé e. Fuller tún nílò ọ̀dà, nítorí ṣááfù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì, a sì gbọ́dọ̀ sàmì sí eyín wọn kí wọ́n lè wọlé ní déédéé.

Ọ́ìlì ló kù. Èyí tí wọ́n kọ GL-5 sí lára dára fún jíà àárín táyà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èròjà inú rẹ̀ lè jẹ idẹ. GL-4 ni ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì olórùka idẹ ń fẹ́. Kí wọ́n tó gbé e padà sábẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n fọwọ́ yí ṣááfù iwájú nínú jíà kọ̀ọ̀kan, títí kan rìfáàsì. Bí èyíkéyìí bá há, orí tábìlì níbẹ̀ ni kí wọ́n ti tún un tú.